Ẹ̀rí Méjì tí Fẹ́yìsetán Jẹ́

Àwọn èèyàn ò sọ̀rọ̀ bí èèyàn mọ́. Ibà á mú wọn, wọ́n á máa gbọ̀n, ẹ ní kí ló dé, wọ́n á ní, "Mo lágbára ni!" Ẹ ní ta ló kú nílé yín, wọ́n á ní kì í ṣe ìpín àwọn. Ta wá ni wọ́n ń sin lẹ́yìnkùlé?

Irú ẹnu yẹn ló kó bá Fẹ́yìsetán, ìyá Jemima, tó ń yan gaàrí ní Inísà. Kókó yọ sí i lọ́mú òsì. Dókítà ní Ìkìrun ní jẹjẹrẹ ni, àfi káwọn gé ọmú náà, kó padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Fẹ́yìsetán dúpẹ́, ó bọ́ síta, ó ra búrẹ́dì, ó wọ mọ́tò. Kò sunkún. Ó dà bíi pé ẹlòmíì ni wọ́n ń bá wí.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì tiwọn, téèyàn bá ń wá nǹkan, ṣe ló máa ń ṣáájú dúpẹ́ ẹ̀ bíi pé ó ti rí i gbà. Oyún ò tíì dúró, wọ́n á ti jó ijó ìsọmọlórúkọ. Lọ́jọ́ Ìsinmi, Fẹ́yìsetán gba máíìkì.

"Ẹ yin Olúwa! Kókó wà lọ́mú mi tẹ́lẹ̀. Mo wá a láàárọ̀ yìí, mi ò rí i mọ́!"

Ṣọ́ọ̀ṣì dìde, wọ́n jó yí i ká bí ìyàwó tuntun. Kókó wà níbẹ̀, ó le bíi kóró àgbálùmọ̀.

Báwo lá á wá ṣe lọ gé ohun tó ti ní kò sí mọ́? Ọ̀sẹ̀ kan lọ, ìkejì fẹ́ẹ̀ lọ. Ara ẹ̀ kú tipiri. Gaàrí ń jóná nínú agbada, ó ń wò ó, ó fún apá òsì mọ́ra.

Ìyá Fọláfúnmi, àgbà Onítẹ̀bọmi tí wọ́n jọ ń yan gaàrí, kígbe mọ́ ọn.

"Ṣé gaàrí lò ń yan àbí èédú? Kí ló ṣe apá ẹ?"

"Mo lágbára ni, mà."

"Mi ò bi ẹ́ léèrè agbára, apá ni mo ní!"

Fẹ́yìsetán bá ṣí bùláòsì. Ìyá, tí ìròyìn ijó ṣọ́ọ̀ṣì yẹn ti dé etí wọn, fọwọ́ kàn án.

"Nínú gbogbo àwọn tó jó níjọ́sí, ta ló fọwọ́ kàn án?"

"Kò sẹ́nì kankan, mà. Tí mo bá lọ gé e, wọ́n á ní mi ò nígbàgbọ́."

"Ṣé àwọn ló kú fún ẹ? Ẹni tó kú fún ẹ ti mọ̀ látọjọ́ tóo ti pa irọ́ náà. Ṣó lé ẹ jáde?"

Nígbà tó délé, ó kúnlẹ̀. "Jésù, mo parọ́ mọ́ Ọ. Kókó ṣì wà níbẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí." Kò rí ìran, ara ẹ̀ ò gbóná. Ó kàn mọ̀ pé òun ti bá ẹnìkan sọ òótọ́, ẹni náà ò sì dìde kúrò lọ́dọ̀ òun.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ó tún gba máíìkì.

"Irọ́ ni mo pa níjọ́sí. Jẹjẹrẹ ni. Lọ́jọ́rú, wọ́n á gé ọmú mi ní Ìkìrun. Ọlọ́run á bá mi wọbẹ̀."

Ìyá Dárasími dìde láàárín ìjọ, ó ta ìka yí orí ká: "Kì í ṣe ìpín wa!"

"Ìpín tèmi ni mò ń sọ, ẹ̀gbọ́n. Mi ò pín fún yín."

Pásítọ̀ Ọlọ́rundáre sọ̀kalẹ̀ wá bá a. Wọ́n ní, "Aago mélòó lọ́jọ́rú, mà? Màá fi mọ́tò gbé yín."

Lọ́jọ́rú, òun àti Ìyá Fọláfúnmi jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ọsibítù Ìkìrun. Orin kankan ò wá sí Fẹ́yìsetán lẹ́nu.

"Ṣé ká padà sílé?" Ìyá bi í.

"Rárá, mà. Ẹ̀rù ń bà mí, ṣùgbọ́n mo ti wá. Ẹ bá mi sọ fún Jemima, tí àwọn oníbàárà Òkukù bá dé, kó má purọ́ fún wọn. Kó ní ìyá òun—"

Nọ́ọ̀sì yọjú lẹ́nu ọ̀nà. "Ìyá Jemima! Ó yá, mà."