Ọjọ́ tí Ẹ̀gbọ́n Mi Fún Mi Lọ́rùn

Ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Sàlámátù, fún mi lọ́rùn ní ọsibítù ní Tamale, ní ilẹ̀ Gánà, ni n kò lè gbàgbé.

Ibà ló gbé e débẹ̀. Bí mo ṣe kí i láàárọ̀, ó rá mi lọ́rùn mú: "Olè! Àgbò mi dà?" Èmi akọni, ẹ̀yìn nọ́ọ̀sì ni mo sá sí.

Rájí, àbúrò ọkọ rẹ̀, ní, "Ó ti ya wèrè. Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sílé, ká so ó mọ́lẹ̀."

Nọ́ọ̀sì fi Hausa dáhùn pé, "Baba, wèrè kọ́. Ibà àti òùngbẹ ló da orí arúgbó rú. Awò ojú tó fi ń ríran ńkọ́?"

Rájí ti mú un lọ sílé ní àdúgbò Aboabo, kí olè má bàa jí i! Mo fi ìbínú gun alùpùpù lọ mú un wá. Nọ́ọ̀sì fún Sàlámátù lómi àti oògùn. Mo fi awò sí i lójú, mo jókòó tì í, mò ń bá a sọ Yorùbá. Nírọ̀lẹ́, ó wò mí dáadáa.

"Jímọ̀, ta ló ní kí wọ́n so mí?"

Kó tó pa ẹnu dé, mo ti nàka sí Rájí.

Ara rẹ̀ ti yá báyìí. Kì í bu túwó fún Rájí mọ́. Èmi ni mò ń jẹ ìpín rẹ̀, ìṣojú Rájí ni mo sì ti ń jẹ ẹ́.