Kí Ni Oògùn Rẹ̀?

Lọ́dún 2009, bí ẹ bá pàdé Bísíríyù ní Garéèjì Ìkòròdú, ẹ ó kọjá lára rẹ̀ bí ẹni kọjá lára òpó iná. Ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan báyìí ni, tí ojú rẹ̀ kò jọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n kó ṣáà ti la ẹnu! Kó béèrè iye tí wọ́n ń ta ọsàn péré, ọlọ́kadà yóò yíjú padà, alọ́sàn yóò ju ọ̀bẹ sílẹ̀: "Háà, Bàbá Rédíò!" Ohùn rẹ̀ ni gbogbo ìlú mọ̀.

Láti aago méje sí mẹ́jọ àárọ̀ ni òun àti Benjamin máa ń bára wọn ṣàwàdà ní ilé iṣẹ́ rédíò kékeré kan. Benjamin a ka ìròyìn, Bísíríyù a sọ ọ́ di yẹ̀yẹ́. Wọ́n á sọ ti iná tí kò wá, wọ́n á sọ ti olóṣèlú tó ń pín ìrẹsì bí ìbò bá ti ń bọ̀, wọ́n á kan Fesibúùkù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbòde. "Ọkùnrin kan ní ọ̀rẹ́ ọ̀ọ́dúnrún lórí Fesibúùkù," Bísíríyù a wí, "mọ́tò rẹ̀ kú lọ́nà Ìtóìkín, kò rí ẹyọ ẹnì kan bá a tì í."

Àmọ́ ọ̀rọ̀ ìyàwó rẹ̀ gan-an ni àwọn èèyàn ń dúró gbọ́. Morìnsọ́lá, ọmọ Ẹ̀pẹ́, aránṣọ, ti ní ikọ́ fée láti kékeré. Bí eruku bá ti kàn án, àyà rẹ̀ a há, èémí rẹ̀ a máa súfèé. Ike oògùn kékeré kan wà tó máa ń fín sọ́fun, ara rẹ̀ a sì balẹ̀. Lọ́jọ́ kan, Bísíríyù sọ lórí afẹ́fẹ́ pé àìsàn ìyàwó òun mọ àkókò iyán: bí odó bá ti jáde, àìsàn dé. Ìkòròdú rẹ́rìn-ín títí. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè sórí ètò: "Bàbá Rédíò, ìyàwó yín tún ti ṣubú o! Kí ni oògùn rẹ̀?" Àwọn mìíràn a tilẹ̀ máa sun ẹkún èké. Bísíríyù a sì dárúkọ oògùn tuntun lójoojúmọ́. "Ẹ gbé e lọ sí Àbújá, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tọ́jú ọ̀lẹ!" Benjamin a tẹ bọ́tìnnì kan, ẹ̀rín ogún èèyàn a bú jáde láti inú ẹ̀rọ. Bí eré bí eré, àlàbọrùn ń di ẹ̀wù.

Ká sọ ọ́ bó ṣe rí: obìnrin náà kò fẹ́ ẹ. Ó kọ́kọ́ ń bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tó di pé kò lè wúkọ́ kí àwọn oníbàárà rẹ̀ má bi í bóyá odó ti jáde, ó bẹ ọkọ rẹ̀. "Ọkọ mi, ẹ fi oorun mi ṣeré, ẹ fi ọbẹ̀ mi ṣeré. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àyà mi sílẹ̀." Bísíríyù ní òun ti gbọ́, ó ní tó bá di oṣù tuntun. Oṣù tuntun wo? Ta ló ń dúró de oṣù kó tó yọ ẹsẹ̀ kúrò lọ́rùn aya rẹ̀?

Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè kan nínú oṣù Kejì, tí eruku ọyẹ́ ò tíì kúrò nílẹ̀, oògùn Morìnsọ́lá tán. Bísíríyù ra òmíràn bọ̀, nítorí kì í ṣe ìkà. Aláìfarabalẹ̀ lásán ni. Ó fi í sápò ṣẹ́ẹ̀tì, ó fi ṣẹ́ẹ̀tì kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. "Mo ti rà á," ló sọ fún ìyàwó rẹ̀. Kò sọ ibi tó wà. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì mìíràn, ó gba ibi iṣẹ́ lọ.

Aago méje kọjá ogún ìṣẹ́jú ni ẹnì kan pè sórí ètò. "Ẹ̀gbọ́n, èmi Fàlílátù ni, ti ojúlé kejì. Morìnsọ́lá ti ṣubú, kò lè mí dáadáa. A ti pe fóònù yín títí, ẹ ti pa á." Ó sunkún, ó dákẹ́, ó tún sunkún. "Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni oògùn rẹ̀ wà?"

Fàlílátù kò pè sórí ètò rí. Inú Bísíríyù dùn pé aládùúgbò òun pàápàá ti bá wọn dá sí eré náà. Ó ṣẹ́jú sí Benjamin.

"Oògùn rẹ̀ kẹ̀? Ẹ pariwo sí i létí pé ẹlòmíràn ti gúnyán tán, ó ku ká jẹ. Ẹ ó rí bó ṣe máa fò dìde!"

Benjamin tẹ bọ́tìnnì. Fàlílátù ké: "Ẹ má rẹ́rìn-ín, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, níbo ni..." Káàdì tán lórí fóònù Fàlílátù, ohùn rẹ̀ gé. Wọ́n fi orin sí i.

Aago mẹ́jọ ni Bísíríyù tan fóònù rẹ̀. Nígbà tó fi délé, wọ́n ti da gbogbo ẹrù inú àpótí sílẹ̀, wọ́n ti tú ìsàlẹ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ, kódà wọ́n ti wo inú ìkòkò. Morìnsọ́lá ti kú sọ́wọ́ Fàlílátù. Ṣẹ́ẹ̀tì náà ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Kí wọ́n tó kírun alásárì, wọ́n ti sin ín sí Ẹ̀pẹ́. Àpínkẹ́, ìyá rẹ̀, jókòó sórí ẹní, kò sunkún. Ó pe ọkọ ọmọ rẹ̀ súnmọ́ra. "Bísíríyù, mo gbọ́ ọ ní rédíò láàárọ̀ yìí," ó wí. "Èmi náà rẹ́rìn-ín."

Bísíríyù kò padà sídìí rédíò mọ́. Ó wá iṣẹ́ sí Èbúté Ìkòròdú, ó ń gé tíkẹ́ẹ̀tì fún àwọn tó ń wọkọ̀ ojú omi. Orí ló ń mì sí wọn, ọwọ́ ló fi ń júwe, kí ẹnikẹ́ni má baà dá ohùn rẹ̀ mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn, bó bá bọ́, kò ṣeé kó mọ́. Ẹnì kan ti gba ètò ọjọ́ náà sílẹ̀ sórí fóònù, wọ́n sì ń fi Bulutúùtù pín in kiri láti ọwọ́ dé ọwọ́. Àwọn tó ń fi í rẹ́rìn-ín kò mọ̀ pé obìnrin náà kú. Níbikíbi tí Bísíríyù bá ti gbúròó rẹ̀, ó ń sá ni.

Lọ́jọ́ kan nínú oṣù Kẹwàá, òjò kó gbogbo èrò sábẹ́ páànù ní èbúté. Tìrìmísíyù, ọ̀kan nínú àwọn tó ń wa yanrìn, gbé fóònù rẹ̀ sókè, ó tẹ̀ ẹ́. Òjò kò jẹ́ kí Bísíríyù rí ọ̀nà sá. Ó gbọ́ Fàlílátù tó sunkún, tó sì dákẹ́. Nínú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn, nǹkan kan ń dún lẹ́yìn rẹ̀ lọ́hùn-ún: fée... fée... Èémí Morìnsọ́lá ni. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi sùn tì í. Lọ́jọ́ náà, ní gbogbo ìgbà tí Fàlílátù fi dákẹ́, ohun tí yóò fi pa wọ́n lẹ́rìn-ín ló ń wá lọ́kàn. Fọ́tò ìyàwó rẹ̀ wà nílé, ṣùgbọ́n fọ́tò kì í mí.

Ó dìde. "Ọ̀gá mi, ẹ jọ̀ọ́," ó wí, "ẹ fi ránṣẹ́ sí fóònù tèmi."

Gbogbo ojú yí sí i. "Háà! Bàbá Rédíò! Òun rèé!" Tìrìmísíyù fò mọ́ ọn tayọ̀tayọ̀, ó gbé fóònù méjèèjì súnmọ́ra, ó fi í ránṣẹ́. "Ó ti pẹ́ tá a ti ń wá yín! Ẹ dákun, ẹ ṣe é fún wa lẹ́ẹ̀kan péré. Ìyàwó yín tún ti ṣubú o! Kí ni oògùn rẹ̀?"

Bísíríyù tẹjú mọ́ fóònù rẹ̀ títí tó fi rí i pé ó ti wọlé.

"Ó wà lápò ṣẹ́ẹ̀tì mi," ó wí, "lẹ́yìn ilẹ̀kùn."

Ẹ̀rín bú jáde lábẹ́ páànù náà, tó fi jẹ́ pé wọn kò gbọ́ ariwo òjò mọ́.