Tòmátì Bàbá Onílé Wa

Bàbá onílé wa ní Agbowó kì í jẹun àárọ̀ kí tòmátì ẹ̀yìnkùlé wọn tó mu omi. Wọn á ki ìka bọ ilẹ̀, wọn á ní, "Ẹni tí kò lè sọ pé òùngbẹ ń gbẹ òun la kọ́kọ́ ń fún lómi."

Nígbà tí ọmọbìnrin wọn ri ẹ̀rọ kéékèèké tó ń mọ̀ bí ilẹ̀ bá gbẹ mọ́ ìdí tòmátì, tó sì gbé kámẹ́rà kọ́ ògiri, kí pọ́ǹpù kànga lè máa bomi rin wọ́n fúnra rẹ̀, Bàbá bínú. "Ṣé irin ló fẹ́ bá mi tọ́jú ohun ẹlẹ́mìí?"

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, dókítà ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn ní ìbàdí, ní ilé ìwòsàn kan ní Jericho. Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n dìde rìn díẹ̀, wọ́n kọ̀.

"Ta ni mo fẹ́ rìn lọ bá? Tòmátì mi ti kú."

Lọ́jọ́ tí mo lọ kí wọn, ọmọ wọn gbé fóònù sí wọn lójú kí wọ́n lè rí ẹ̀yìnkùlé. Àwọn ewé ti ń rọ. Bàbá mí kanlẹ̀. Kò pẹ́, omi bẹ̀rẹ̀ sí í sun láti inú rọ́bà pọ́ǹpù tó wà nílẹ̀.

"Bàbá, ẹ wò ó! Kò sẹ́ni tó wà níbẹ̀ o," ni ọmọ wọn wí.

Wọ́n wò ó títí omi fi dá, ojú wọn ń dán.

"Ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ kànga yẹn," ni wọ́n wí, "ata rodo ni ká gbìn síbẹ̀. Ẹ bá mi pe nọ́ọ̀sì. Mo fẹ́ dìde."