Ọjọ́ Tí Títí Pe Ara Rẹ̀ Ní Kòkó

Òórùn kòkó tútù tí aládùúgbò mi sá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ló jí mi lójú oorun ọ̀sán lánàá. Orúnkún ń dùn mí, n kò lè dìde kíákíá mọ́. Mo kàn jókòó síbẹ̀ títí òórùn náà fi gbé mi padà sí Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀, sí kíláàsì kẹfà, níbi tí èmi àti Títí ti jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan ṣoṣo.

Ẹ̀yin ọmọ òde òní, ará Àkókó ni tíṣà wa, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì ń fa ṣòkòtò sókè nígbà gbogbo bíi pé bẹ́líìtì ń bá a jà. Ó ti ṣe olùkọ́ rí ní Mọ̀ńbásà, létí òkun ìlà-oòrùn Áfíríkà. Ibẹ̀ ló ti kó ìfẹ́ ewì Súwàhílì wálé. Tó bá ń kéwì náà, a ò gbọ́ nǹkan kan, àfi tó bá tú u. Ó ní àwọn akéwì ibẹ̀ kì í sọ pé obìnrin dára bíi péálì, ìlẹ̀kẹ̀ iyebíye inú òkun. Wọ́n á ní, "Péálì ni." Tí ìgbéyàwó bá le, ọkọ̀ ojú omi àti ìjì ni wọ́n á máa sọ, olùgbọ́ á sì mọ ilé tí wọ́n ń bá wí.

"Ẹ yọ 'bí' kúrò," ló máa ń wí. "Àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ nìyẹn."

Títí nawọ́. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, a ò rí òkun rí."

"Kí lẹ rí?"

"Oko ni, sà."

"Ó tó ewì ṣe."

Bàbá Títí ti sọ pé tó bá ti parí ìwé mẹ́fà, oko ni yóò kù sí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin nìkan ni yóò lọ sí sẹ́kọ́ńdìrì. Títí ò lè bá a jiyàn. Ta ló tó bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn? Lọ́jọ́ tí a parí, tí àwọn òbí pé sábẹ́ igi máńgòrò, ó jáde, ó kúnlẹ̀, ó ní:

Kòkó ni mí, bàbá mi,
Ẹ fọ́ mi, ẹ sá mi sóòrùn,
Ẹ má jẹ́ kí n jẹrà sínú èèpo.

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Bàbá rẹ̀ dìde, ó dé fìlà, ó lọ sílé láìwẹ̀yìn. Títí ò lè jẹ ìrẹsì tí wọ́n sè fún wa. Èmi ni mo jẹ tiẹ̀ mọ́ tèmi, ojú rẹ̀ ṣì ń tì mí.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, àwa méjèèjì ń gbálẹ̀ níwájú ilé tíṣà nígbà tí bàbá náà dé.

"Tíṣà, ẹ̀yin lẹ ní kó bú mi láwùjọ?"

"Ẹ̀bẹ̀ ló ń bẹ̀ yín, Bàbá."

Bàbá náà ṣí fìlà. "Àgbẹ̀ ni mí. Mo mọ ohun tí kòkó ń dà tí a bá gbàgbé rẹ̀ sínú èèpo. Kó máa lọ."

Bí Títí ṣe lọ sí sẹ́kọ́ńdìrì l'Ọ́wọ̀ nìyẹn. Ó di olùkọ́ Yorùbá, ó sì fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ọdún tó kọjá la sin ín.

Nǹkan ti yí padà. Lónìí, ọmọbìnrin tó bá fẹ́ kàwé lè sọ ọ́ ketekete lójú bàbá rẹ̀, mo sì dúpẹ́. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣì wà tó wúwo ju ẹnu lọ, tí èèyàn ní láti wá nǹkan mìíràn gbé e lé.

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìsìnkú náà. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi wá àfiwé. Òkú tí mo ti sin ti pọ̀ jù, ó ti rẹ̀ mí, n kò rí ọ̀kan. Mo dìde, mo di ẹ̀yìn àga mú, mo ní, "Ọ̀rẹ́ mi ni."

Mo sì jókòó.