Ikọ́ Tó Ń Gba Ìsinmi

Sístà Agídí ni wọ́n ń pè é ní gbogbo ilé ìwòsàn yẹn, látorí ọ̀gá àgbà títí dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì, kò sì bínú sí i rí. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló ti wà lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Nígbà tó pé ọmọ ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ka ọjọ́ tí wọn yóò fẹ̀yìn tì, òun gbé báàgì kọ́ èjìká, ó padà sílé ìwé lọ kọ́ nípa àìsàn tí iṣẹ́ ń kó bá èèyàn. Ọkọ rẹ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí. "Ìyá arúgbó akẹ́kọ̀ọ́, ṣé o ti ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ?" Ó ní òun ti ṣe é, kó wá bá òun gé àlùbọ́sà.

Ìgbà tó kẹ́kọ̀ọ́ gboyè tán, kò jẹ́ kí ọ̀gá àgbà rímú mí, àfìgbà tí ìyẹn gbà kó máa dá àwọn nọ́ọ̀sì, agbẹ̀bí àti dókítà lẹ́kọ̀ọ́ ní gbogbo Ọjọ́bọ̀. Èèyàn méjìlá ló forúkọ sílẹ̀. Ohun tó ń kọ́ wọn ò le rárá, àmọ́ àwọn tó kàwé jù gan-an ni kì í rántí ẹ̀. Ẹ bi aláìsàn ní ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe látàárọ̀ dìrọ̀lẹ́. Ẹ bi í ní ohun tó ń fà símú níbẹ̀. Kẹ́ ẹ tún wá bi í bóyá ara máa ń tù ú lọ́jọ́ tí kò bá lọ síbi iṣẹ́.

"Àìsàn tó bá ń bá èèyàn gba ìsinmi," á lu tábìlì gbàmù, "ibi iṣẹ́ ni kẹ́ ẹ ti lọ wá a!"

Ní Ọjọ́bọ̀ kẹrin, ó yẹ kí wọ́n lọ wo ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe ọ̀dà. Wọ́n ti múra, wọ́n ti dúró sẹ́nu géètì, ni ilé iṣẹ́ náà bá tẹ̀ wọ́n láago pé àwọn ò gbàlejò mọ́. Sístà Agídí pòṣé. Ó wẹ̀yìn wo ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń jáde bọ̀. "Ṣebí ibi iṣẹ́ là ń wá? Kí wá lèyí? Ó yá, ẹ yíjú padà." Ó kó àwọn méjèèjìlá gba ẹ̀yìn wọ́ọ̀dù, wọ́n sọ̀kalẹ̀ lọ sí yàrá ìfọṣọ.

Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́ fún yín: nínú gbogbo wọn, kò sẹ́ni tó débẹ̀ rí. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń wọ aṣọ funfun tó ń tibẹ̀ jáde, wọ́n á fi yan fanda kiri, kò sì sẹ́ni tó béèrè ta ló fọ̀ ọ́. Yàrá náà ò ju ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò kan sí lọ. Ẹ̀rọ ńlá méjì ń ké, omi gbígbóná ń rú èéfín, ògiri ń làágùn. Fèrèsé kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀, wọ́n ti fi pákó kàn án pa láti ọdún mẹ́ta, nítorí pé ẹnì kan ń gba ibẹ̀ jí aṣọ ibùsùn. Aṣọ níye lórí, àbí? Èémí ni ò níye lórí.

Ìyá Alágbàfọ̀ ni wọ́n ń pe obìnrin tó wà níbẹ̀. Ó kí wọn tẹ̀rín-tẹ̀rín, kò sì dá iṣẹ́ rẹ̀ dúró. Ó da bílíìṣì sínú ike ńlá kan, ó gbé ásíìdì tí wọ́n fi ń yọ àbàwọ́n irin tó dógùn-ún, ó dà á lé e lórí. Òórùn kan gbéra níbẹ̀, ó gún gbogbo wọn nímú, omi bọ́ lójú wọn.

"Yéè! Ẹ jáde! Gbogbo yín, ẹ jáde!" Sístà Agídí ló fa obìnrin náà lọ́wọ́ jáde sínú oòrùn. "Ta ló ní kẹ́ ẹ máa pò wọ́n pọ̀?"

"Àwọn ọ̀gá òkè ni. Wọ́n ní kí àbàwọ́n ẹ̀jẹ̀ àti ti irin máa jáde lẹ́ẹ̀kan náà, kíṣẹ́ lè yá." Ikọ́ gbé e, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Nígbà tó gbórí sókè, ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ má mikàn. Ikọ́ mi nìyẹn. Sístà náà mọ̀ ọ́n."

Ọ̀kan nínú àwọn dókítà akẹ́kọ̀ọ́ bi í bó ṣe máa ń rí tó bá gba ìsinmi.

"Háà, dókítà! Tí mo bá lọ lo ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dọ̀ ọmọ mi, mo máa ń sùn fọnfọn ni. Ọjọ́ tí mo bá padà síbí ló ń padà." Ó nu ojú. "Ọdún mọ́kàndínlógún nìyí. Wọ́n sì ti ní kí n máa lọ sílé lóṣù yìí. Wọ́n ní àìsàn ìdílé wa ni, kò kan ilé ìwòsàn."

Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé wọn ò ní tọ́jú rẹ̀ mọ́, ẹlòmíì ni wọn yóò sì mú wá síwájú ike yẹn.

Sístà Agídí ní kí wọ́n lọ gbé káàdì obìnrin náà wá. Ó ṣí i, ó kà á. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n ti fún un lóògùn ikọ́ níbẹ̀. Níwájú ibi tí wọ́n kọ "iṣẹ́" sí, ẹnì kan kọ "òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn", ó tán. Kò bi í léèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ.

"Ọlẹ wo ló kọ eléyìí?" dókítà ọ̀hún béèrè.

"Èmi ni."

Ilẹ̀ ò lanu kó gbé e mì. Ojú tì í, inú sì bí i sí ara rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ níwájú Ìyá Alágbàfọ̀, lójú gbogbo àwọn tó ń kọ́ níṣẹ́. "Ẹ dákun, ẹ forí jì mí. Mi ò bi yín." Lẹ́yìn náà ló dìde, ó ní kí olúkúlùkù wọn yẹ obìnrin náà wò, kó kọ ohun tó rí, kó sì buwọ́ lù ú.

Lálẹ́, nígbà tó ròyìn tán, ọkọ rẹ̀ rán an létí pé ọdún méjì péré ló kù kó fẹ̀yìn tì. "Ṣé o ò lè mú sùúrù ni?"

"Sùúrù tí mo ti mú ló ba ẹ̀dọ̀fóró onítọ̀hún jẹ́ yẹn," ó fèsì.

Ọjọ́ Ajé ni ọ̀gá àgbà pe òun àti Ìyá Alágbàfọ̀ sí ọ́fíìsì. Fọ́ọ̀mù ti wà lórí tábìlì: àìsàn ìdílé, kò tọwọ́ iṣẹ́ wá. Ìbuwọ́lù nọ́ọ̀sì nìkan ló kù. Sístà Agídí fa ìlà gbọọrọ lé e lórí, ó kọ ọ́ gàdàgbà sábẹ́ pé iṣẹ́ ló fà á, ó wá kó ìwé àwọn méjìlá lé e.

"Mo lè ti kíláàsì yẹn pa lónìí!" ọ̀gá àgbà pariwo.

"Ẹ tì í pa, sà. Wọ́n ti mọ̀ ọ́n ná."

"Bílíìṣì lásánlàsàn! Gbogbo ilé ló ń lò ó. Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ, kó dà á lójú mi, kí n rí ohun tó ń pààyàn níbẹ̀."

"Ìyá Alágbàfọ̀ ò ní wọ ibẹ̀ mọ́," ni Sístà Agídí wí. "Tó bá dá yín lójú, ẹ dà á fúnra yín. Mo ti kìlọ̀ o."

Ọ̀gá àgbà náà ní agídí tiẹ̀. Ó sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú táì lọ́rùn, ó wọlé, ó da ásíìdì díẹ̀ lé bílíìṣì díẹ̀. Kò tó ìṣẹ́jú kan tó fi bẹ́ síta, tó ń kọ́, tó ń wá èémí, tí omi ń dà lójú rẹ̀ pòròpòrò. Sístà Agídí gbé e jókòó síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́. Ìyá Alágbàfọ̀ bu omi wá, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, sà," ó ní. "Àbí ó wà nínú ìdílé yín náà ni?"

Ọ̀gá àgbà nawọ́ sí Sístà Agídí pé kó mú fọ́ọ̀mù náà àti bírò wá fún òun.