Oríkì tí láptọ́ọ̀pù mi pè

Ẹni tó bá máa rẹ́rìn-ín, kó máa rẹ́rìn-ín. Ó ṣojú mi kòró. N ò mutí, n ò sùn, ara mi sì yá gágá.

Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan nítòsí Sábó, ní Ilé-Ifẹ̀ níbí, níbi tí mo ti ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tẹ iṣẹ́ wọn. Dáyọ̀ ló máa ń bá mi tún láptọ́ọ̀pù mi ṣe. Ọmọ Modákẹ́kẹ́ ni, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré. Inú ìkòkò màmá mi ló ti jẹun dàgbà, kí màmá tó kú. Nínú gbogbo ọ̀rẹ́ mi, òun nìkan ló mọ oríkì mi. N ò ní kọ oríkì ọ̀hún síbí. Ẹ ó rí ìdí ẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, ó gbé ètò tuntun kan wá, irú èyí tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́. Ó ní ilé iṣẹ́ tó ṣe é ò tíì gbé e jáde, pé àwọn èèyàn díẹ̀ ni wọ́n ní kó kọ́kọ́ dán an wò.

"Ó yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ," ló wí. "Ó tiẹ̀ ń sọ̀rọ̀."

"Kí ló dé tí o ò fi í sórí tìẹ?"

"Tèmi ti gbó."

Kò wojú mi. Ẹ gbà mí gbọ́, ó yẹ kí n ti fura. Ṣùgbọ́n ta ní ń fura sí ẹni tí wọ́n jọ dàgbà? Mo ní kó fi sí i.

Kò pẹ́ sígbà yẹn, lọ́sàn-án gangan, wọ́n mú iná lọ. Bátìrì náà kú. Ojú láptọ́ọ̀pù dúdú kirikiri. Mo nawọ́ kí n pa á dé.

Ó pe oríkì mi.

Ohùn màmá mi ni. Bí wọ́n ṣe máa ń fà á tí wọ́n bá ń pè mí wá jẹun, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló fà á. Omi bọ́ lójú mi. Díẹ̀ ló kù kí n dáhùn.

Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: èèyàn kì í jẹ́ ìpè ẹni tí kò rí, pàápàá lọ́sàn-án gangan. Ẹni tó bá jẹ́ ẹ ti bá a lọ nìyẹn. Màmá mi fúnra wọn ló kọ́ mi. Mo ki etí ìró bọ ẹnu.

Ó tún pè. N ò jẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn Dáyọ̀ látinú ẹ̀rọ tó ti kú yẹn, wúyẹ́wúyẹ́:

"Mo ti rí ẹlòmíì fún yín. Bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń pè é nìyí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè mí mọ́."

Mo sáré jáde, mo pe Dáyọ̀ lórí fóònù. N ò tíì sọ nǹkan kan tó fi béèrè pé, "Ṣé o ti dá a lóhùn?"

Kò béèrè bóyá mo wà láàyè o.

"Rárá," ni mo wí.

Ó bú sẹ́kún. "Jọ̀ọ́, dá a lóhùn, ẹ̀ẹ̀kan péré. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, èmi ló máa padà wá bá."

Ó dùn mí wọ egungun. Oríkì tí màmá mi fi ń kẹ́ mi ni Dáyọ̀ fi dẹ mí bí ẹni dẹ òkété. Àwọn àgbà ò purọ́: ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé.

Mo ti ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, mo fi láptọ́ọ̀pù sílẹ̀ síbẹ̀, n ò padà lọ mọ́.

Lọ́sàn-án àná, ẹnìkan kan ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn ilé mi. Ohùn Dáyọ̀ ni. Ó pe oríkì mi, ó ní òun wá tọrọ àforíjì. Inú ń bí mi, àánú rẹ̀ sì ń ṣe mí. N ò jẹ́ ẹ. Nígbà tí mo yọjú lójú fèrèsé, n ò rí ẹnì kankan.

Ìyá Dáyọ̀ pè mí láàárọ̀ yìí. Wọ́n ní ṣé mo rí ọmọ àwọn, pé ó ti tó ọjọ́ mélòó kan tó ti wálé kẹ́yìn. Mo ní tí wọ́n bá gbọ́ ohùn rẹ̀ tí wọn ò rí i, kí wọ́n má jẹ́ ẹ.

Bí ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ràn bá gbé ohun tí ò tíì jáde wá pé kẹ́ ẹ bá òun dán an wò, ẹ ní kó kọ́kọ́ lò ó lójú yín. Bẹ́ ẹ bá sì rí mi ní títì, ẹ má pè mí látẹ̀yìn. Ẹ rìn wá síwájú mi, kí n rí yín. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, n ò ní dá yín lóhùn, bó ti wù ká jọ ṣọ̀rẹ́ tó.