Bàbá Tọ́-ọ-wò àti Ṣúgà Inú Koríko Òkun

Ọjọ́ tí Bàbá Tọ́-ọ-wò da iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá sínú ife tíì ọ̀gá àgbà, kò sẹ́ni tó lè gbàgbé rẹ̀ nínú àwa tí a jọ ṣiṣẹ́. Ọ̀gá wá sọ fún un pé àwọn fẹ́ gba yàrá ìwádìí rẹ̀, kí wọ́n máa kó àwọn àga tó ti kán síbẹ̀, torí kò sẹ́ni tó tíì fojú kan ṣúgà tó ní òun ń yọ lára koríko òkun pupa. Bàbá ò jiyàn. Ó po tíì fún ọ̀gá, ó gbọn ìyẹ̀fun inú ìgò kékeré kan sí i. Ṣíbí kan péré ni, gbogbo èyí tó ní náà sì nìyẹn.

"Ẹ tọ́ ọ wò, sà."

Ọ̀gá mu ún tán, ó nu ẹnu. "Tíì yín dára, Bàbá. Ṣúgà lẹ gbàgbé láti fi sí i."

Ẹ ò rí nǹkan! Ṣúgà koríko kì í dùn tó ti ọjà, ẹ̀rí sì ti wọ ikùn ọ̀gá lọ.

Ọ̀gá dìde. "Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fún yín kẹ́ ẹ fi kẹ́rù yín."

"Oṣù mẹ́fà, sà, kí n fi yọ òmíràn."

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta."

"Ẹni tó bá kánjú bu iyọ̀ sí koríko yìí, òkú ni yóò kó. Oṣù márùn-ún, kẹ́ ẹ lè mọ̀ pé mo gba tiyín rò."

Nígbà tó fi máa rẹ ọ̀gá, oṣù mẹ́ta ni wọ́n fẹnu kò sí.

Òótọ́ ló kúkú sọ. Bí omi bá níyọ̀ jù, iyọ̀ á máa fa omi ara koríko náà jáde. Koríko ò lẹ́sẹ̀ tí yóò fi sá. Ohun tó máa ń ṣe ni pé á fúnra rẹ̀ ṣe ṣúgà wẹ́wẹ́ sínú ara, ìyẹn ni yóò di omi rẹ̀ mú. Ṣùgbọ́n kò ṣeé kán lójú. Bàbá a máa bu iyọ̀ díẹ̀díẹ̀ sínú ọpọ́n dígí wọn, á sì máa bẹ̀ wọ́n: "Ẹ má bínú, iṣẹ́ ni."

Ẹ̀rọ tó ń wọn ṣúgà wà níbẹ̀, àmọ́ ahọ́n ara rẹ̀ ló gbà gbọ́. Lọ́jọ́ kan, ẹ̀rọ ní kò sí ṣúgà rárá. Bàbá tọ́ omi náà wò, ó ní irọ́ ni. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni kò fi kí ẹ̀rọ náà. Nígbà tí atúnẹ̀rọṣe bá ìdọ̀tí nínú páìpù rẹ̀, Bàbá ní òun ti dárí jì í.

Ìyá afọgò, tó ń bá wa fọ ìgò àti ọpọ́n, ló ràn án lọ́wọ́ nínú oṣù mẹ́ta yẹn. Ojoojúmọ́ ló ń ráhùn pé iyọ̀ Bàbá ń bó òun lọ́wọ́, ojoojúmọ́ náà ló sì ń bá a wọ̀n ọ́n. Nígbà tí oṣù pé, ṣíbí kan ìyẹ̀fun ti wà nínú ìgò. Ọ̀gá nawọ́ pé kí òun tọ́ ọ wò.

Bàbá fi ìgò pamọ́ sẹ́yìn. "Ẹ ti lá tiyín, sà. Ó kan ẹ̀rọ."

Ẹ̀rọ ní ṣúgà ni. Yàrá sì di ti Bàbá títí ọdún kẹrin, nígbà tí ikú dé. Òun nìkan ni Bàbá ò rí bá nájà.

Lọ́sẹ̀ tí a sin ín, ọ̀gá mú kọ́kọ́rọ́ wá láti ti yàrá náà. Ó bá ìyá afọgò tó bẹ̀rẹ̀ sórí ọpọ́n, ṣíbí iyọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ta ló ní kẹ́ ẹ máa ṣe é?"

"Kò sẹ́ni náà, sà. Bí a bá dá iyọ̀ dúró lójijì, àwọn koríko á kú."

Ọ̀gá wo àwọn ọpọ́n náà. "Mo fún yín ní ọ̀sẹ̀ méjì."

"Ẹ ṣé, sà."

Ọ̀gá ò lọ. Ó ń yí kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. "Báyìí náà lẹ máa gbà á? Ẹ ò ní ná an ni?"

"Ẹnu mi ò gbà á, sà."

"Bàbá ì bá ti ní oṣù mẹ́fà."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Àwa tí a dúró lẹ́nu ọ̀nà rí i pé omi ti lé sí ọ̀gá lójú. Àárò Bàbá ń sọ ọ́, ó ń sọ àwa náà. Ó gbé kọ́kọ́rọ́ sórí tábìlì, lẹ́bàá ọwọ́ ìyá afọgò.

"Ó dáa," ó ní. "Oṣù mẹ́fà."